Ikùn Tó Wà Lára Ògiri

Òun fúnra rẹ̀ ló rán ọkọ rẹ̀ níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó máa ń ká a lára jù nìyẹn nígbàkígbà tó bá rántí. Kò sí ẹlòmíì tó lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Òun ló to aṣọ náà, òun ló dì í ní ìdì, òun náà ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dé iléèwé, kí òjò tó ṣú yìí tó dé."

Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà. Kò jókòó ti ẹnikẹ́ni kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ fọṣọ títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, òun sì bá garawa àti ọṣẹ nílẹ̀, ó gbé e. Nígbà tó lọ́kọ, yàrá kan pẹ̀lú àgbàlá kékeré ni wọ́n gbà lẹ́yìn iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀wù funfun gbọọrọ tí wọ́n ń wọ̀ sórí aṣọ ni wọ́n máa ń kó wá fún un, òun náà á fọ̀ ọ́, á fi sítáàṣì sí i, á lọ̀ ọ́ títí á fi dúró gbọin. Ó mọ ẹ̀wù wọn ju ojú wọn lọ. Ó mọ ẹni tó ń jẹun nínú ẹ̀wù tirẹ̀, ó mọ ẹni tó máa ń gbàgbé gègé sínú àpò títí á fi da aró sílẹ̀, ó sì mọ àwọn tí òórùn òògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ti wọ̀ lára kọ́là. Ti àwọn yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń fọ̀ ọ́, á sì sá a lọ́tọ̀.

Lébírà ni ọkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Búlọ́ọ̀kù ló ń rù. Ọkùnrin gíga ni, kò sanra, kò sì rù. Iṣẹ́ yẹn ti sọ ikùn rẹ̀ di nǹkan míì: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó le, tó bá mí sínú, èèyàn á rí gbogbo iṣan tó wà níbẹ̀ tí wọ́n tò lọ sílẹ̀ ní méjì méjì. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi eegun ìka kàn án, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ẹ ń lẹ́ o, ṣé onílé wà?" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Pátákó nìyẹn, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni nígbà yẹn. Tó bá dé láti ibi iṣẹ́, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, á bá ìyàwó rẹ̀ fún aṣọ ìtẹ́bùsùn tó nípọn, èyí tí ọwọ́ ẹnì kan ò lè fún. Ìyàwó á di orí kan mú, ọkọ á di orí kejì mú, wọ́n á máa lọ́ ọ, ẹnì kan sọ́tùn-ún, ẹnì kejì sósì, títí omi á fi tán lára rẹ̀. Nígbà míì, Pátákó á dédé fa aṣọ náà, ìyàwó á sì ta gọ́ọ́gọ́ọ́ wá bá a, àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín nínú omi. Bí wọ́n ṣe ń ṣeré ìfẹ́ tiwọn nìyẹn. Kò mọ̀ pé ó máa tán.

Lọ́jọ́ tó rán an níṣẹ́ yẹn, òjò ká ọkọ rẹ̀ mọ́ àárín ọ̀nà. Ó mọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ṣe wàhálà tó lórí aṣọ náà, ló bá bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó fi bo ìdì aṣọ mọ́lẹ̀, ó ń sáré lọ nínú òjò ní ìhòòhò àyà. Nígbà tó dé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ikùn rẹ̀ ń fò sókè sódò. Tíṣà àgbà kan dúró níbẹ̀, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀yà ara.

Tíṣà náà pariwo, "Ọ̀gbẹ́ni! Dúró bẹ́ẹ̀!"

Àyà Pátákó já. Ó rò pé wọ́n pe òun lólè. Ó ní, "Ọ̀gá, aṣọ ìyàwó mi ni o. Ìyàwó mi ló fọ̀ ọ́."

"Ta ló ń wo aṣọ?" Tíṣà náà ti ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde. "Ẹ máa bọ̀, ẹ wá wò ó. Ohun tí mo ti ń yà sára pátákó fún yín látọjọ́ yìí, òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá yìí."

Pátákó ní, "Pátákó náà ni wọ́n ń pè mí, sà."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Nígbà tó délé tó ròyìn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Látìgbà náà ni tíṣà ti ń ránṣẹ́ pè é. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Pátákó á lọ dúró síwájú kíláàsì, á bọ́ aṣọ òkè, tíṣà á sì máa fi gègé aláró fa ìlà sí i níkùn. Tó bá dọ́wọ́ alẹ́ tó dé, á ká ẹ̀wù sókè níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀wà, á ní, "Wò mí."

Ìyàwó á wò ó. Inú rẹ̀ máa ń dùn láti wò ó nígbà yẹn.

Pátákó á wá máa ṣàlàyé, ìdí ṣíbí ló fi ń tọ́ka. Láti ìsàlẹ̀ egungun àyà, ìlà kan wà tó gba orí ìdodo kọjá, tó lọ tààrà dé egungun ìsàlẹ̀ ikùn. Ìlà funfun ni wọ́n ń pè é. Èèyàn ò lè rí funfun rẹ̀ lóde, àmọ́ nísàlẹ̀ awọ, ibẹ̀ ni iṣan apá ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé, tí wọ́n so mọ́ra wọn.

"Bí ojú rírán aṣọ?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ojú rírán ni."

Tíṣà á tún fa ìlà méjì wálẹ̀, á fa méjì dábùú, ikùn á wá di ilé oníyàrá mẹ́sàn-án. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbé lókè lápá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà. Àpò oúnjẹ wà ládùúgbò rẹ̀, ó sún sápá òsì. Àpò ìtọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín.

"Ta wá ni onílé?"

Pátákó ronú díẹ̀. "Ìdodo ni. Òun ló jókòó sáàárín, kò sì ṣe iṣẹ́ kankan."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí Pátákó ò fi ṣe ẹ̀rín. Tíṣà ti fi hàn án pé nísàlẹ̀, níbi tí ikùn ti pàdé itan, ògiri ikùn fẹ́lẹ́ níbẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù wúwo lè tẹ̀ ẹ́ títí á fi lu, ìfun á yọ síbẹ̀, á di ìpá. Tíṣà ní kó ṣọ́ ara rẹ̀, torí irú ikùn yìí ò wọ́pọ̀, kò sì dáa kó bàjẹ́ lábẹ́ búlọ́ọ̀kù.

Gbólóhùn yẹn wọ Pátákó lára ju gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù lọ. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ta ló ti ní kó ṣọ́ ara rẹ̀ rí? Níbi iṣẹ́, búlọ́ọ̀kù tó bá fọ́ ni ọ̀gá máa ń sunkún lé lórí, kì í ṣe ẹni tó rù ú. Kò pẹ́, wọ́n fi í ṣe ẹni tó ń ṣí yàrá ẹ̀kọ́ tó sì ń tì í, ó sì fi iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Ó ra dígí gígùn kan, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń rìn ládùúgbò láìde bọ́tìnnì. Ìdajì oúnjẹ rẹ̀ ló ń jẹ kí ikùn má baà yọ, ó sì ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ìyẹn bá jẹ tirẹ̀ tán. Nígbà tí ìyàwó tún na orí aṣọ ìtẹ́bùsùn sí i, ó ní, "Lọ́ ọ níwọ̀nba tí agbára rẹ bá mọ. Èmi ò gbọ́dọ̀ fi ara mi ṣe nǹkan tó le mọ́."

Ìyàwó rò pé àwàdà ni. Ó di orí aṣọ náà mú, ó ń retí ẹ̀rín. Ọkọ rẹ̀ wọlé lọ.

Ọdún yẹn náà ló lóyún. Bí oyún náà ṣe ń dàgbà, ìlà dúdú kan fara hàn lára ikùn rẹ̀, ó gba ìdodo kọjá, ó lọ tààrà sísàlẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà tí ìlà ọkọ rẹ̀ gbà. Ó ká aṣọ sókè lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ wò ó, èmi náà ti ní. Tèmi wá dúdú. Kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Pátákó yọjú wò ó fìrí. "Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ débi yẹn," ló wí, ó sì padà sídìí dígí.

Ọmọ náà ò gba ọ̀nà rẹ̀ wá. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, wọ́n la ikùn ìyá rẹ̀ láti abẹ́ ìdodo wálẹ̀, lójú ìlà yẹn gan-an. Ọmọbìnrin ni, ó kéré gan-an, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Kékeré, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ kódà nígbà tó ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì tẹnu mọ́ ọn pé, "Ìyá Kékeré, ẹ gbọ́ o. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan wúwo. Òde ló ti san yẹn, inú ò tíì san. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín máa bá yín ṣe é." Pátákó dúró níbẹ̀, ó ń mi orí.

Ṣùgbọ́n aṣọ ti kún yàrá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe ìdánwò, oníkálukú wọn ló fẹ́ ẹ̀wù tó mọ́. Ibi ẹ̀rọ omi sì wà nísàlẹ̀ òpópónà, ọ̀nà ibẹ̀ gòkè.

Ó bẹ ọkọ rẹ̀. "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, garawa díẹ̀ péré ni. Mi ò ní kí ẹ fọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà bá mi gbé omi."

"Ṣé o fẹ́ kí ìpá yọ lára mi ni? Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ ya àwòrán mi!"

Òótọ́ ló sọ. Tíṣà ti ṣètò ayàwòrán kan, wọ́n fẹ́ ya ikùn náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, kí wọ́n gbé e kọ́ yàrá ẹ̀kọ́. Pátákó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró para. Kò jẹun alẹ́ mọ́. Ó ń rọra dìde, ó ń rọra jókòó, bí ẹni tó gbé ẹyin sínú.

Ìyàwó wò ó títí. Kò jà. Ó pọn ọmọ, ó mú garawa, ó lọ.

Ó lọ, ó bọ̀. Ó sinmi díẹ̀, ó tún lọ. Nígbà tó ń gbé garawa ìkẹyìn kúrò nílẹ̀, nǹkan kan jọ̀wọ́ nínú rẹ̀. Kò dùn ún. Ohun tó yà á lẹ́nu nìyẹn, kò dùn ún rárá. Ó kàn dà bí ìgbà tí òwú bá já lójú rírán, tí èèyàn mọ̀ pé aṣọ ti ń ṣí, àmọ́ tí kò tíì rí ibi tó ti ṣí. Ó gbé omi náà délé. Nígbà tó tú aṣọ wò, ó bá kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá rẹ̀, ó kéré bí ọsàn wẹ́wẹ́. Tó bá dùbúlẹ̀, ó wọlé. Tó bá gbórí sókè, ó yọ.

Pátákó ti lọ ya àwòrán nígbà náà. Nígbà tó dé pẹ̀lú ìdùnnú, ìyàwó rẹ̀ fi hàn án. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Fi aṣọ bò ó," ló wí.

Ìyá Kékeré mú ọ̀já, ó fi di ikùn rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ náà, ó dì í sínú.

Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán kọ́, Pátákó ní kó wá wò ó. Ó lọ tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Àwòrán náà gba ìdajì ògiri. Láti orí ọmú dé ibi itan, gbogbo rẹ̀ ń dán, gbogbo ìlà rẹ̀ hàn kedere, wọ́n sì kọ orúkọ ibì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó sókè, ó wò ó sísàlẹ̀.

"Orí ńkọ́?"

"Wọn ò lo orí. Ikùn ni wọ́n nílò."

"Orúkọ yín wá ńkọ́? Mo rí orúkọ ìdodo."

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, ó rí obìnrin náà, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ṣé aṣọ lẹ wá kó?"

Pátákó ló dá a lóhùn kíákíá. "Bẹ́ẹ̀ ni. Alágbàfọ̀ ni."

Kò fi nǹkan kan kún un. Ìyàwó rẹ̀ dúró kó sọ èyí tó kù, ó dúró títí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi jáde. Ó wá tún ọmọ pọ̀n, ó lọ sílé. Látọjọ́ yẹn, kò tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀ mọ́, ọmọ àdúgbò kan tó ń rán níṣẹ́ ló ń bá a kó aṣọ lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Kókó náà kúrò ní ọsàn wẹ́wẹ́, ó di òroǹbó, ó di orí ọmọdé. Ìyá Kékeré ń fi ọ̀já tó gùn sí i dì í. Nínú ọkọ̀, ọ̀dọ́kùnrin á dìde fún un, á ní, "Ẹ jókòó, mà, ẹ rọra o, nítorí oyún." Nígbà àkọ́kọ́, ó ṣàlàyé. Nígbà tó yá, á kàn jókòó, á ní, "O ṣé, ọmọ mi." Obìnrin kan nínú ilé náà bi í pé oṣù mélòó ló kù. Ó ní, "Èyí ò ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ó fẹ́ràn ibi tó wà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Tẹ́ni bá rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, onítọ̀hún á rò pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Wọ́n ní kó lọ sílé ìwòsàn, ó ní òun ń lọ, kò lọ. Ọjọ́ tó bá lọ, ta ni yóò fọ aṣọ? Ta ni yóò gbé omi?

Pátákó náà ń dàgbà. Ikùn ò mọ àwòrán. Iṣan rẹ̀ ń rọ̀, ọ̀rá ń bò ó, ìlà tí tíṣà ń fà ń tẹ̀ níbi tó yẹ kó nà. Nígbà tí tíṣà fẹ̀yìn tì, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ mú ọmọkùnrin agbábọ́ọ̀lù kan wá. Ó bá Pátákó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ lọ sinmi." Wọn ò yọ àwòrán kúrò lára ògiri, torí ó ṣì wúlò. Ẹni tó ni ín ni kò wúlò mọ́. Ó ṣì ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì títí wọ́n fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá jókòó sílé. Lọ́jọ́ kan, ó dìde, ó wá síbi tí ìyàwó rẹ̀ àti Kékeré ti ń fún aṣọ ìtẹ́bùsùn, ó na ọwọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín fún un."

Ìyàwó rẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè. "A ti pé méjì," ló wí.

Kékeré lọ́kọ, ó kó lọ sí òpin ìlú lápá kejì. Ìyá rẹ̀ ṣẹ́ kù, òun, aṣọ, àti ọkùnrin tó jókòó sídìí dígí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ kókó náà délẹ̀ tán. Ó ń sá aṣọ, ó na ọwọ́ sókè, ìrora kan sì gún un tí pẹ́ẹ̀gì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ kí kókó náà lè wọlé bó ṣe máa ń wọlé. Kò wọlé. Ó le bí òkúta, awọ tó bò ó ti ń pọ́n. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ará ilé kan pe Kékeré lórí fóònù, Kékeré sì gbé ọkọ̀ wá, ó kó àwọn méjèèjì lọ sílé ìwòsàn tó jẹ́ ti iléèwé náà.

Dókítà obìnrin kan ló wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n yí ibùsùn ká. Láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀wù wọn nìkan ni Ìyá Kékeré ń rí. Pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn, ó na ìka sí ọ̀kan nínú wọn. "Kọ́là rẹ ti jóná lẹ́yìn. Ta ló lọ̀ ọ́?" Ọmọ náà fọwọ́ bo ọrùn.

Dókítà tú ọ̀já náà. Ó rọra fọwọ́ kan awọ náà, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà láti egungun àyà wá sí ìdodo. Ó ní ojú ìlà funfun ni wọ́n gbà ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá yìí, pé ojú ibi tí wọ́n rán ló ṣí, pé ìfun ló gba ibẹ̀ jáde, tó sì ti há. Ìyá Kékeré ń gbọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló ti gbọ́ rí, nídìí ẹ̀wà, lẹ́nu ẹni tó ń fi ìdí ṣíbí júwe ara rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnikẹ́ni máa sọ ọ́ nípa tirẹ̀. Ó sì ti pẹ́ jù láti dùn mọ́ ọn.

"Màmá, ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?" ni dókítà bi í.

"Ẹ bi bàbá tó dúró síbẹ̀ yẹn. Òun ló mọ̀ nípa ikùn."

Gbogbo wọn yíjú sí Pátákó. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Mi ò rántí," ló wí. "Ó ti pẹ́."

Kékeré ní, "Kò sí ìgbà tí mo mọ màmá mi tí kò sí níbẹ̀."

Dókítà tún tẹ̀ síwájú. "Ṣé ẹ gbé nǹkan wúwo lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín ni?"

"Omi ni mo gbé."

"Ṣé kò sẹ́ni tó lè bá yín gbé e ni?"

Ìyá Kékeré tẹjú mọ́ àjà. "Ẹni tó wà níbẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó lóye ọ̀rọ̀ náà àfi ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni yẹn, bóyá ojú tì í ni o, bóyá nǹkan míì ni, ó sún mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń múra ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ àwòrán ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀kọ́ yín? Ti ikùn? Èmi nìyẹn." Nígbà tí wọ́n ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì. "Ẹ wo ibí yìí. Ẹ wo ìdodo yìí, òun náà ni." Ikùn rẹ̀ tó ti rọ̀ yọ síta lórí bẹ́líìtì. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá Kékeré rí gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn. Kò bínú. Ó rò pé inú máa bí òun, ó wá a nínú ara rẹ̀, kò bá a níbẹ̀. Kékeré ló di bàbá rẹ̀ lápá mú, ó mú un jáde, ó ń bá a de bọ́tìnnì bí ẹni ń de tọmọ ọwọ́.

Wọ́n gé ìfun tó ti kú kúrò, wọ́n fi àwọ̀n kan ti ògiri ikùn náà, wọ́n sì rán an. Ó yè é. Àmọ́ dókítà sọ fún un ní tààràtà pé iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ti parí, garawa ti parí. Ó gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ohun tó torí rẹ̀ ń pa ara rẹ̀ látọjọ́ yìí nìyẹn. Ilé Kékeré ni wọ́n gbé e lọ láti ibẹ̀, kò bèèrè ìgbà tóun máa padà sílé, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un.

Pátákó wá kí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó gbé báàgì ńlá kan dání. Ó jókòó sétí àga, ó kí i, ó béèrè bí ara ṣe ń ṣe é. Ó wá ní, "Ṣé n lè wò ó?"

"Wo kí ni?"

"Ojú ọgbẹ́ náà. Bí wọ́n ṣe rán an."

"Dókítà ti wò ó," ni Ìyá Kékeré wí. "Ó tó."

Ọmọ Kékeré ń ké nínú yàrá kejì, Kékeré ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, Ìyá Kékeré tọ́ka sí báàgì náà. Ó rò pé èso ni, tàbí búrẹ́dì. Ó tiẹ̀ rọ́jú rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí lẹ gbé wá?"

Pátákó ṣí ẹnu báàgì náà. Ẹ̀wù rẹ̀ ni, gbogbo èyí tó ti wọ̀ látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kúrò nílé, ó ká wọn wọra wọn, òórùn àágùn sì gba yàrá. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é," ló wí. Kò sí ẹ̀tàn nínú ohùn rẹ̀. "Mo rẹ wọ́n sínú omi, wọn ò mọ́. Mo ní bóyá Kékeré, tàbí tí ara rẹ bá ti le díẹ̀..."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Kékeré kó tó mọ̀. Ó gbá ojú ọgbẹ́ mú, torí ẹ̀rín náà ń fà á, ó ń dùn ún, kò sì lè dá a dúró. Kékeré sáré jáde tòun ti ọmọ lọ́wọ́, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo báàgì, ó wo bàbá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbé báàgì náà, ó lọ gbé e síta, ó sì dúró ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

Pátákó dìde. "Màá tún wá," ló wí.

"Ẹ máa rọra lọ," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìrora ló ṣẹ́ kù. Kékeré bi í bóyá kó fún un ní òògùn. Ó ní rárá, kó gbé ọmọ náà fún òun. Kékeré ní, "Mọ́mì, ó wúwo, dókítà ní ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e." Ìyá Kékeré fa ọwọ́ tó nà padà, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ń wo ọmọ náà láti ibi tó jókòó sí.